Gómìnà Amẹ́ríkà kì í ṣe ọmọọṣẹ́ ààrẹ: ta ló ni kí ni láàárín Washington àti ìpínlẹ̀?

Nígbà tí Trump kó sójà wọ Los Angeles ní oṣù kẹfà 2025, tí Gavin Newsom, gómìnà California, sì pè é lẹ́jọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ohun tí mò ń rí lórí WhatsApp àwọn èèyàn wa ni "gómìnà yìí mà láyà o", "ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an?", ẹnì kan tiẹ̀ ní ká dúró ná, pé kò ní pẹ́ tí ààrẹ á fi yọ ọ́ nípò. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá dàgbà sí Nàìjíríà, tó mọ bí àwọn gómìnà ṣe ń wo ojú Abùjá lóṣooṣù torí owó, tó mọ̀ pé kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tó wà ní ìpínlẹ̀ wọn ò gbàṣẹ lẹ́nu wọn, kò sí bí kò ṣe ní rò pé bó ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn. Àmọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà ò lè yọ gómìnà. Kò lè fún un ní kwẹ́rì, kò lè ní kó lọ rọ́kún nílé, kò lè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Àwọn ará ìpínlẹ̀ yẹn nìkan ló lè ṣe é, yálà nípasẹ̀ ilé aṣòfin wọn tàbí pẹ̀lú ìbò. California gan-an ti ṣe é rí, 2003 ni wọ́n dìbò lé Gray Davis lọ láìtíì parí sáà ẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ lórí Newsom yìí kan náà ní 2021, ìyẹn ò bọ́ sí i.

Àwa ńkọ́? Ètò ìjọba tí à ń lò nílé láti 1979, ti Amẹ́ríkà la wò ṣe é, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2025 Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní Rivers, ó ní kí Gómìnà Fubara, igbákejì ẹ̀ àti gbogbo aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lọ jókòó fóṣù mẹ́fà, ó sì gbé ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tó ti fẹ̀yìntì síbẹ̀ pé kó máa ṣàkóso. Àwọn àgbà wa tó gbọ́ ìròyìn yẹn á rántí 1962, nígbà tí ìjọba Balewa gbé Majẹ́kódùnmí sórí ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n ja ìjà nínú ilé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn. Kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà tí ààrẹ máa gbé dání.

Ìdí ẹ̀ jìnnà díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà kí Washington tó wà. Mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba ìlú Òyìnbó ní 1776, oníkálukú ló ní ìjọba tiẹ̀, ilé aṣòfin tiẹ̀, kọ́ọ̀tù tiẹ̀. Ìwé òfin tí Massachusetts kọ ní 1780 ṣì ni wọ́n ń lò dòní, ó dàgbà ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Àjọṣe tí wọ́n kọ́kọ́ ní láàárín ara wọn ò lágbára, ìjọba àárín ò lè bu owó orí lé ẹnikẹ́ni, gbèsè ogun wà nílẹ̀ kò rí i san, ni àwọn aṣojú wọn bá jókòó ní Philadelphia ní 1787, wọ́n bù lára agbára tó wà lọ́wọ́ wọn fún ìjọba tuntun kan: ogun jíjà, owó títẹ̀, òwò láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ àti pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ póòsì, bí àlejò ṣe máa di ọmọ onílẹ̀. Ní 1791 wọ́n wá fi kún un nínú àtúnṣe kẹwàá pé ohunkóhun tí a ò bá fún ìjọba àpapọ̀, tí a ò sì fi du ìpínlẹ̀, ti ìpínlẹ̀ ni tàbí ti aráàlú. Tiwa ńkọ́, ìjọba ológun ló jókòó ní 1967 tó gé orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12, wọ́n ń gé e lọ títí tó fi di 36 ní 1996. Ìpínlẹ̀ tí ìjọba àárín dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìkéde lórí rédíò àti èyí tó ti wà kí ìjọba àárín tó dé, wọn ò lè máa hùwà kan náà.

Torí náà tí ìròyìn Amẹ́ríkà bá dé, ẹ má kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló ga jù. Ọ̀rọ̀ ta ni? Ìyẹn ni ìbéèrè tó máa ń là á. Òótọ́ ni pé níbi tí òfin méjèèjì bá ti kọlura, tí ìjọba àpapọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti dá sí ọ̀rọ̀ náà, tiẹ̀ ló máa borí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "tó sì ní ẹ̀tọ́ láti dá sí i" yẹn ni wọ́n ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ẹ̀ka mẹ́ta tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń mú un ṣẹ àti àwọn tó ń dájọ́, ààrẹ àti Congress àti kọ́ọ̀tù àpapọ̀ ní Washington, gómìnà àti ilé aṣòfin àti kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àádọ́ta ìpínlẹ̀. Lórúkọ, wọ́n jọra. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ rí i.

Congress ní sénétọ̀ 100, méjìméjì láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ti wù kó kéré tó, àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ kejì 435 tí wọ́n pín gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, $174,000 lọ́dún ni owó oṣù wọn tí kò tíì kúrò lójú kan láti 2009. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ńkọ́? Oríṣiríṣi. Nebraska ní ilé kan ṣoṣo, ọmọ ilé 49, wọn kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú síwájú orúkọ wọn lórí bébà ìbò, wọ́n ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ láti 1937. New Hampshire tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kékeré báyìí, èèyàn 400 ló wà nínú ilé kejì ẹ̀, $100 lọ́dún sì ni owó tí wọ́n ń san fún wọn, mo sọ pé lọ́dún o, kì í ṣe lójúmọ́. (Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó wà l'Abùjá ka ibí yìí.) Texas tó tóbi tó orílẹ̀-èdè, ilé aṣòfin wọn ń jókòó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì fún ọjọ́ 140, lẹ́yìn ìyẹn kálukú á padà sídìí òwò ẹ̀ àyàfi tí gómìnà bá pè wọ́n. Tí wọ́n bá gbàgbé nǹkan kan, ó di ọdún méjì.

Ẹ̀ka aláṣẹ gan-an ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ààrẹ ló ń mú àwọn mínísítà ẹ̀, Sẹ́nétì á fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n tó bá sú u láàárọ̀ ó lè lé wọn lálẹ́. Jeff Sessions, agbẹjọ́rò àgbà Trump, lọ bẹ́ẹ̀ ní 2018. Gómìnà ò ní irú ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ torí àwọn tó yí i ká, ìbò ló gbé wọn wọlé bíi tiẹ̀. Ní Kentucky, Andy Beshear tó jẹ́ gómìnà, Democrat ni, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, Republican, ọjọ́ kan náà ní 2023 ni wọ́n dìbò yan àwọn méjèèjì. North Carolina tún pa á láyò, ibẹ̀ ni gómìnà àti igbákejì ẹ̀ ti lè wá láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Roy Cooper àti Mark Robinson lo ọdún mẹ́rin pọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. Ní Texas, agbẹjọ́rò àgbà, ẹni tó ń ṣọ́ owó ìpínlẹ̀, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, gbogbo wọn ló dúró lórí ìbò tiwọn, tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ ọ̀kan, ilé aṣòfin ló máa fẹ̀sùn kàn án bí wọ́n ṣe fẹ̀sùn kan Ken Paxton, agbẹjọ́rò àgbà wọn, ní 2023 tí Sẹ́nétì Texas fi wá dá a láre. Nítorí náà ẹ lè rí i kí gómìnà máa sọ ọ̀tún kí agbẹjọ́rò àgbà ẹ̀ máa pe ẹjọ́ sí òsì, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀.

Síbẹ̀ agbára kan wà tí ọ̀pọ̀ gómìnà ní tí ààrẹ ò ní. Tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá dé ọ̀dọ̀ gómìnà, ó lè fi bírò pa ìlà kan péré nínú ẹ̀ kó sì buwọ́ lu ìyókù. Ààrẹ, ó di kó gba gbogbo ẹ̀ tàbí kó kọ gbogbo ẹ̀. Congress fún Clinton ní irú agbára yẹn ní 1996, ó lò ó díẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù gbà á padà ní 1998 pé kò bá ìwé òfin mu. Owó náà yàtọ̀ síra, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ni òfin sọ fún pé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, ṣùgbọ́n Washington á máa yá owó lọ ràì. Ẹ sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Congress kọ̀ tí kò fọwọ́ sí owó ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀kùn fún ọjọ́ 43, láti October 1 sí November 12, 2025, títí di ìgbà yẹn kò tíì sí èyí tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ìwé ìjọba ò tì o, ọlọ́pàá ìgboro ò tì, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ò tì, torí pé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n SNAP, owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́nu, ìpínlẹ̀ ló ń pín in, Washington ló ń fún wọn lówó ẹ̀, ní oṣù kọkànlá yẹn ni gómìnà tó ń sá kiri kọ́ọ̀tù àti gómìnà tó ń wá owó látinú àpò ìpínlẹ̀ wá pọ̀ lóríṣiríṣi.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ló wá dùn jù, mo fẹ́ dúró níbẹ̀. Nàìjíríà, ibi yòówù kí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa bọ́ sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù gíga ní Abẹ́òkúta, ẹ gba ti kòtẹ́milọ́rùn kọjá, ẹ parí ẹ̀ l'Abùjá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ló lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tó ń bá aráàlú fínra, ìkọ̀sílẹ̀, ogún, ilé gbígbé, jàǹbá ọkọ̀, olè, ìpànìyàn. Ti àpapọ̀ ń gbọ́ èyí tó bá kan òfin àpapọ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ẹjọ́ ìmígíréṣọ̀n tó bá ti dé ipele kòtẹ́milọ́rùn, tàbí ará ìpínlẹ̀ kan tó ń bá ará ìpínlẹ̀ míì fà á tí owó tí wọ́n ń jà lé lórí sì ju $75,000 lọ. Tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní ìpínlẹ̀ bá ti sọ ohun tí òfin ìpínlẹ̀ wọn túmọ̀ sí, ó parí, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ní Washington ò lè sọ pé wọn ò mọ òfin ilé ara wọn kà, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ta ko òfin àpapọ̀. Orúkọ á sì máa dàrú mọ́ yín lójú, torí ohun tí New York ń pè ní Supreme Court, kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni, èyí tó ga jù ń jẹ́ Court of Appeals. Texas ní méjì tó ga jù, ọ̀kan fún ẹjọ́ ọ̀daràn, ọ̀kan fún ìyókù.

Báwo ni adájọ́ ṣe ń débẹ̀? Ti àpapọ̀, ààrẹ á fà á kalẹ̀, Sẹ́nétì á dìbò, ó di títí ayé nìyẹn àfi tó bá fúnra ẹ̀ fẹ̀yìntì tàbí tí wọ́n yọ ọ́ nítorí ìwà ìbàjẹ́. Ti ìpínlẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, adájọ́ á jáde polongo ìbò bí olóṣèlú. Ní oṣù kẹrin 2025, àga kan ṣoṣo nínú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ní Wisconsin, wọ́n ná owó tó ju $90 mílíọ̀nù lọ lé e lórí, Elon Musk fúnra ẹ̀ da owó sí i, ó tún lọ síbẹ̀ lọ pe èèyàn jọ, Susan Crawford tí kò fẹ́ ló wọlé. Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí adájọ́ máa tọrọ owó ìpolongo lọ́wọ́ lọ́yà tó máa dúró níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é ní ó sàn ju kí gómìnà fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ sípò, kẹ́ ẹ dẹ̀ wò ó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ohun tó ń tẹ̀lé e ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba méjì. Derek Chauvin, ọlọ́pàá tó fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn pa ní Minneapolis, kọ́ọ̀tù Minnesota rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjìlélógún ààbọ̀ ní 2021, kọ́ọ̀tù àpapọ̀ tún fún un ní ọdún 21 ní 2022 torí pé ó fi ẹ̀tọ́ Floyd lábẹ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè dù ú. Àwọn kan ní ìyà ẹ̀ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ti dáhùn ìyẹn ní 2019 nínú ẹjọ́ Gamble: ìjọba méjì, òfin méjì, torí náà ẹ̀ṣẹ̀ méjì.

Láti ibẹ̀ la ti máa lóye ọ̀rọ̀ àforíjì. Lọ́jọ́ tó gorí àlééfà ní January 20, 2025, Trump forí ji nǹkan bí èèyàn 1,500 tó wà nínú ọ̀rọ̀ January 6, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ya wọ ilé Congress ní 2021, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ sí òfin àpapọ̀ ni, ó sì ní agbára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn 34 tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ New York dá òun fúnra ẹ̀ lẹ́bi lé lórí ní oṣù karùn-ún 2024, kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ sí New York ni. Bọ́rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn tí ẹni tó lágbára jù láyé ò fi lè pa orúkọ ara ẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé kọ́ọ̀tù ní Manhattan, àfi kó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bíi tẹ́nikẹ́ni. Ní oṣù kejìlá 2025 ó tún ní òun forí ji Tina Peters, òṣìṣẹ́ ìbò ní Colorado tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án, ariwo ta, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù Colorado ló rán an lọ sẹ́wọ̀n lábẹ́ òfin Colorado, àforíjì ààrẹ ò sì ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Kódà kì í ṣe gbogbo gómìnà ló ní in, ní Georgia, ìgbìmọ̀ kan ló ń forí jini, gómìnà ò lè dá a ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́rọ̀ sójà tó dá ìjà sílẹ̀. National Guard ni wọ́n ń pè wọ́n, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, olùkọ́, mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì tó ń wọ aṣọ ológun lópin ọ̀sẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá rọ̀, gómìnà ni ọ̀gá wọn, òun ló ń pè wọ́n tí omi bá ya ìlú tàbí tí iná bá ń jó igbó. Ṣùgbọ́n òfin Congress gba ààrẹ láyè láti gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ gómìnà tí ilẹ̀ òkèèrè bá gbógun wọlé, tí ọ̀tẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí kò bá lè fi àwọn ọmọ ogun tó wà lọ́wọ́ mú òfin ṣẹ. Ní 1957, Orval Faubus tó jẹ́ gómìnà Arkansas fi Guard dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé girama ní Little Rock kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án má baà wọlé. Eisenhower gba Guard náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún rán ọmọ ogun gidi láti 101st Airborne kún un, àwọn ọmọ ológun tó dínà lánàá kan náà ló wá wà lábẹ́ àṣẹ láti sin àwọn ọmọ náà wọlé. Ní 1965 Johnson ṣe irú ẹ̀ ní Alabama kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Selma lọ Montgomery má baà kú sọ́nà. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sí ààrẹ tó gba Guard gómìnà nítorí rògbòdìyàn inú ìlú láìjẹ́ pé gómìnà ní kó wá, títí di June 7, 2025, nígbà tí Trump ní àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ tó ń mú èèyàn, ní Los Angeles ń dí òfin lọ́wọ́. 2,000 ló kọ́kọ́ pè, ó di nǹkan bí 4,000, ó tún fi Marines, ọmọ ogun gidi, 700 kún un.

Àwọn tó ń sọ pé "ṣebí Eisenhower ṣe é" ò parọ́, àwọn tó ń sọ pé kò jọra náà ò parọ́. Faubus ń tẹ àṣẹ kọ́ọ̀tù mọ́lẹ̀, Newsom ò tẹ àṣẹ kọ́ọ̀tù kankan. Adájọ́ Charles Breyer ní San Francisco dá Newsom láre ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn dá Trump láre lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án Breyer tún ní bí wọ́n ṣe lo àwọn sójà náà ta ko òfin 1878 tó ní kí ológun má ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ó kan Chicago. Gómìnà Pritzker ti Illinois ní òun ò fẹ́, Gómìnà Abbott ti Texas ní òun fọwọ́ sí i kí wọ́n kó Guard Texas lọ síbẹ̀, ẹ ò rí nǹkan, ọmọ ológun ìpínlẹ̀ kan ń lọ sí ìpínlẹ̀ míì tí gómìnà ibẹ̀ ń kọ̀ wọ́n. Ẹjọ́ yẹn ló dé Washington, ní December 23, 2025 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù kọ̀ láti jẹ́ kí Trump lò wọ́n ní Chicago nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní "ọmọ ogun tó wà lọ́wọ́" tí òfin yẹn sọ, ó jọ pé ológun gidi ló ń sọ, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ICE, torí náà ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ibi tí òfin ti gba ológun láyè láti ṣiṣẹ́ ni. Kí ọdún tó parí, Trump ní òun ń kó wọn kúrò ní Chicago, Los Angeles àti Portland. Memphis tí wọ́n kó Guard lọ náà ò sí nínú wàhálà yìí kan náà torí pé gómìnà Tennessee fọwọ́ sí i. Washington, D.C. náà yàtọ̀ pátápátá, kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní gómìnà, ààrẹ ni ọ̀gá Guard ibẹ̀, òun náà ló fi òfin 1973 gba ọlọ́pàá ìlú náà fún ọgbọ̀n ọjọ́ ní oṣù kẹjọ 2025. Ẹ kọjá ààlà sí Maryland, agbára yẹn ti tán.

ICE fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ti ìjọba àpapọ̀ ni, gómìnà ò lè lé wọn jáde ní ìpínlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n Washington náà ò lè pàṣẹ fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ pé kó wá bá wọn mú èèyàn. Láti inú ẹjọ́ kan lórí ìbọn ni èyí ti wá, ẹjọ́ Printz ní 1997, níbi tí ọ̀gá ọlọ́pàá ìgbèríko ní Montana ti ní kí ìjọba àpapọ̀ má sọ òun di akọ̀wé àyẹ̀wò wọn. Nígbà yẹn àwọn tó fẹ́ràn ìbọn ló pàtẹ́wọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, California gbé òfin tiẹ̀ jáde ní 2017 tó ní kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ má bá ìmígíréṣọ̀n ṣe ju báyìí lọ, orí ẹjọ́ àwọn oníbọn yẹn ló dúró lé. Nígbà tí Biden wà níbẹ̀, Texas ló ń pariwo ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, tó ṣòfin ní 2023 pé kí ọlọ́pàá tòun máa mú àwọn tó gba ẹnubodè wọlé, ìjọba Biden sì pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ẹnubodè kì í ṣe tiyín. Tèmi ni pé kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ tọkàntọkàn, ẹni tí Washington bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló máa ń rántí àtúnṣe kẹwàá.

Owó ni Washington fi ń tẹ ìpínlẹ̀ lórí ba tí àṣẹ ò bá ṣiṣẹ́. Kò ní agbára láti sọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí mu ọtí, ló bá ṣòfin ní 1984 pé ìpínlẹ̀ tí kò bá fi í sí ọdún 21, òun á yọ nínú owó ọ̀nà ẹ̀. South Dakota pe ẹjọ́, wọ́n pàdánù ní 1987. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló wà ní 21 báyìí.

Àwọn tiwa tó wà ní Houston, Maryland, Chicago, Atlanta, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti lè mú yín. Físà, green card, dídi sítísẹ̀n, ti àpapọ̀ ni pátápátá, tí ìkéde oṣù kejìlá 2025 tó dín físà àwọn ọmọ Nàìjíríà kù bá kàn yín, kò sí gómìnà tó lè bá yín tú u, ẹ má jẹ́ kẹ́nìkan gbowó lọ́wọ́ yín pé òun mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì gómìnà. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, ti ìpínlẹ̀, ìdánwò NCLEX jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń fúnni níwèé, ẹni tó gba ti ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú àdéhùn àjọlò tó bá kó lọ síbòmíì, ó di kó tún fóòmù kọ. Owó orí, ẹ̀ ń san ti IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, níbikíbi, Texas àti Florida ò gba owó orí lórí owó oṣù, Maryland ń gbà á. Èyí tó máa ń ba àwọn èèyàn jẹ́ jù ni igbó mímu. Colorado àti ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe olú-ìlú o) ti ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀ láti 2012, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti tẹ̀ lé wọn, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ ò tíì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, ìmígíréṣọ̀n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019 pé ẹni tó bá lò ó tàbí tó ṣiṣẹ́ nínú òwò ẹ̀ lè má rí ìwé sítísẹ̀n gbà, ìpínlẹ̀ ẹ̀ ì báà gbà á láyè. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè jẹ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn kó má sí nǹkan kan, bàbá ẹ̀ tó ní green card ò gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Ìbò náà, ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, títí dórí ti ààrẹ. Kò sí INEC tó jókòó ní Washington tó ń kéde èsì. Ìdí nìyẹn tí Trump fi pe Brad Raffensperger, akọ̀wé ìjọba Georgia, lórí fóònù ní January 2021 pé kó bá òun wá ìbò 11,780, ẹni tó ni ìwé èsì ló pè, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n, ọkùnrin náà sì ní kò sí níbẹ̀. November 3, 2026 ni ìbò tó kàn, ọmọ ilé kejì 435, sénétọ̀ 35, gómìnà 36. Àwọn tí mo mọ̀ tó ti di sítísẹ̀n máa ń jáde lọ́dún ààrẹ, wọ́n á fi àmì sí òkè bébà, wọ́n á sì fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ní Texas, adájọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ wọn tí ọlọ́pàá bá mú un, ìsàlẹ̀ bébà yẹn ló wà.